Imidasóòlì Ẹlẹ́ka Kábọ́síìlì: Kẹ́mísírì Rẹ̀, Ìwúlò Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Fi Èdè Yorùbá Kọ́ni Nípa Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àyẹ̀wò ẹbí kan nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, ìyẹn àwọn èròjà imidasóòlì tí wọ́n ní ẹ̀ka kábọ́síìlì lára. A ṣàlàyé bí a ṣe to àwọn èròjà yìí, a sì sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ara ènìyàn, nínú ẹja àti nínú oògùn. A dábàá àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí olùkọ́ lè lò nínú kíláàsì. Ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn ni pé èdè Yorùbá tó ìmọ̀ yìí gbé, àti pé àìsí irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ní èdè abínibí máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa.

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi ìnáwó kan tí òǹkọ̀wé yìí wà, àwọn márùn-ún tí wọ́n jẹ ẹja láti inú ìkòkò kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í họra láàárín ìdajì wákàtí. Ojú wọn pọ́n, orí ń fọ́ wọn, àyà wọn sì ń lù kìkì. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ariwo. Àwọn kan ní wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ. Wọ́n sì nawọ́ sí obìnrin tí ó se ọbẹ̀. Obìnrin náà búra títí, kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí ó wà níbẹ̀ ni ó fún àwọn tí ara ń yún ní Piriton, ara wọn sì balẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ìfura tí ó bọ́ sórí obìnrin yẹn kò kúrò nílẹ̀. Kò tún sí ẹni tí ó pè é wá se oúnjẹ ìnáwó ní àdúgbò náà mọ́.

Gbogbo àmì tí a rí lọ́jọ́ yẹn ni ó bá ohun kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti mọ̀ tipẹ́ mu. Inú ẹja ni èròjà kan wà tí ó ní òrùka imidasóòlì àti ẹ̀ka kábọ́síìlì. Bí a bá fi ẹja náà sílẹ̀ nínú ooru, àwọn bakitéríà a já ẹ̀ka yìí dànù, ohun tí ó kù a sì di ohun tí ń mú ara yún. Kò sí májèlé ọ̀tá níbẹ̀ rárá. Ìbéèrè tí ó gbà wá lọ́kàn láti ìgbà náà ni pé: ta ni ìbá ṣàlàyé èyí fún àwọn tí ó wà níbi ìnáwó náà, èdè wo ni ìbá sì fi ṣàlàyé?

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ wa, a kì í ṣe olùkọ́ kẹ́mísírì. Síbẹ̀, bí àwọn olùkọ́ èdè bá káwọ́ gbera, àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nìkan kò lè dá ẹrù yìí gbé. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Iṣẹ́ náà fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi èdè wọn kọ́ kò rẹ̀yìn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Èrò wa ni pé ohun tí ó ṣeé ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣeé ṣe ní òkè pẹ̀lú, bí a bá wá ọ̀rọ̀ fún un.

2.0 Ọ̀rọ̀ Ìperí tí A Lò

Ọ̀nà mẹ́ta tí ó gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ èdè wa láti dá ọ̀rọ̀ ìperí ni a lò nínú iṣẹ́ yìí.

(a) Àyálò: Gbogbo ayé ni ó ń lo orúkọ bíi kábọ́ọ̀nù, náítírójìn, háídírójìn àti ọ́síjìn. Kò sí èrè nínú kí a wá òmíràn. Ohun tí ó yẹ ni kí a jẹ́ kí wọ́n bá òfin ìró èdè Yorùbá mu: kí kọ́ńsónáǹtì méjì má ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ọ̀rọ̀ má sì fi kọ́ńsónáǹtì parí. Báyìí ni a ṣe dé orí imidasóòlì, kábọ́síìlì, hísítídíìnì àti hísítámíìnì.

Ìṣòro kan wà tí a gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan ṣoṣo ní ìparí ọ̀rọ̀ ni ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín orúkọ àwọn òrùka bí irú èyí tí à ń sọ àti orúkọ àwọn ọtí bí ẹtanọ́ọ̀lù. Bí a bá yá méjèèjì ní ọ̀nà kan náà, ìyàtọ̀ náà yóò sọnù. Ìdí nìyí tí a fi dábàá -óòlì fún òrùka àti -ọ́ọ̀lù fún ọtí.

(b) Àpèjúwe: Òrùka onígun-márùn-ún, ìdè onílọ́po-méjì àti kábọ́ọ̀nù olọ́síjìn-méjì jẹ́ àpèjúwe tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú inú rí.

(d) Ìfẹ̀lójú ìtumọ̀: Òrùka, ìdè àti ẹ̀ka jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò nílé. A kàn fẹ ìtumọ̀ wọn lójú ni. Ìdè ni ohun tí ó so átọ́ọ̀mù kan mọ́ èkejì. Ẹ̀ka sì ni ìṣùpọ̀ átọ́ọ̀mù tí ó yọ lára òrùka bí ẹ̀ka ṣe ń yọ lára igi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orúkọ tí àwọn òyìnbó ń lò sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Inú ìtọ̀ ajá ni Jaffe ti kọ́kọ́ rí ásíìdì urokáníìkì ní ọdún 1874. Ìtọ̀ àti ajá náà ni wọ́n sì pa pọ̀ ní èdè Látìn láti fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí orúkọ tí ó wá láti inú ìtọ̀ ajá bá lè di ọ̀rọ̀ ìmọ̀, kí ni ó dé tí òrùka àti ẹ̀ka tiwa kò fi ní í lè dì í?

3.0 Kẹ́mísírì Rẹ̀

3.1 Òrùka imidasóòlì

Ní ọdún 1858 ni Heinrich Debus, onímọ̀ ará Jámánì, ròyìn bí a ṣe lè ṣe èròjà yìí láti inú gíláyọ́síààlì àti amóníà. Átọ́ọ̀mù márùn-ún ni ó di ọwọ́ ara wọn mú ní òrùka: kábọ́ọ̀nù mẹ́ta àti náítírójìn méjì. Háídírójìn mẹ́rin ni ó wà lára wọn. Bí a bá ka igun òrùka náà láti orí náítírójìn tí ó gbé háídírójìn, náítírójìn yóò wà ní igun kìíní àti ìkẹta, kábọ́ọ̀nù yóò sì wà ní igun kejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún.

Àwọn náítírójìn méjèèjì yìí kò jọ ara wọn níwà. Ọ̀kan gbé háídírójìn lọ́wọ́. Ọwọ́ èkejì ṣófo, ó sì ń dúró de ohun tí yóò gbà. Nítorí náà, imidasóòlì lè fi ọwọ́ kan gbà, kí ó sì fi ọwọ́ kejì fún ni. Háídírójìn tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀kan sì lè kọjá sí ọ̀dọ̀ èkejì. Ìdí nìyí tí igun ìkẹrin àti ìkarùn-ún kò fi ní ìyàtọ̀ gédéńgbé àyàfi bí a bá so nǹkan mìíràn mọ́ ọ̀kan nínú àwọn náítírójìn náà.

Ìwà gbígbà àti fífúnni yìí máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí pH 7, ìyẹn agbedeméjì láàárín ohun kíkan àti ohun bí eérú. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò jìnnà sí ibẹ̀, nítorí pé nǹkan bí 7.4 ni tirẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí imidasóòlì wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún ohun ẹlẹ́mìí.

3.2 Ẹ̀ka kábọ́síìlì

Kábọ́ọ̀nù kan, ọ́síjìn méjì àti háídírójìn kan ni ó para pọ̀ di ẹ̀ka yìí. Ìdè onílọ́po-méjì so ọ̀kan nínú àwọn ọ́síjìn náà mọ́ kábọ́ọ̀nù. Ọ́síjìn kejì ni ó gbé háídírójìn. Háídírójìn yìí kì í pẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú omi, bíbọ́ rẹ̀ sì ni a ń tọ́ wò bí ohun kíkan. Ẹ̀ka kábọ́síìlì ni ó wà lẹ́yìn kíkan ẹmu tí ó ti pẹ́, kíkan omi ògì àti kíkan ọsàn wẹ́wẹ́.

3.3 Nígbà tí méjèèjì bá pàdé

Bí ẹ̀ka kábọ́síìlì bá wà lára òrùka imidasóòlì, ásíìdì àti béèsì ti di ará ilé kan náà. Háídírójìn tí ẹ̀ka bá fi sílẹ̀, náítírójìn inú òrùka lè gbà á. Mólẹ́kù náà yóò wá ní àmì ìròpọ̀ lápá kan àti àmì ìyọkúrò lápá kejì. Irú mólẹ́kù bẹ́ẹ̀ lè bá ásíìdì lò, ó sì lè bá béèsì lò. Méjèèjì tún lè jọ di irin mú, nítorí pé ọ́síjìn inú ẹ̀ka àti náítírójìn inú òrùka jọ fẹ́ràn irin.

A lè pín ẹbí yìí sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan wà tí ẹ̀ka wọn so mọ́ òrùka tààrà, bí ásíìdì imidasóòlì ẹlẹ́ka kábọ́síìlì méjì, tí ó ní ẹ̀ka ní igun ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Àwọn mìíràn wà tí ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù wà láàárín òrùka àti ẹ̀ka wọn. Hísítídíìnì àti ásíìdì urokáníìkì wà lára ìwọ̀nyí.

Ohun kan tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò ni pé ẹ̀ka kábọ́síìlì lè já. Bí ó bá já, a di kábọ́ọ̀nù olọ́síjìn-méjì, irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sóde. Ooru púpọ̀ lè já a. Énsáìmù sì lè já a láìsí ooru púpọ̀. Jíjá yìí ni gbòǹgbò ìṣẹ̀lẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

4.0 Ohun tí Ó Ń Ṣe Nínú Ara àti Nínú Ẹja

4.1 Nínú ara ènìyàn

Hísítídíìnì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ẹbí yìí. Albrecht Kossel àti Sven Hedin, tí olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ni wọ́n rí i ní ọdún 1896. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì amínò ogún tí ara fi ń mọ prótíìnì. Inú oúnjẹ ni a ti gbọ́dọ̀ rí i: ẹ̀wà, ẹran, ẹyin àti ẹja.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Irin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa ni ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, òrùka imidasóòlì ti hísítídíìnì ni ó sì di irin náà mú ní àyè rẹ̀. Bí a bá ń mí, imidasóòlì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nínú awọ ara, énsáìmù kan máa ń yọ amóníà kúrò lára hísítídíìnì kí ó lè di ásíìdì urokáníìkì. Èròjà yìí máa ń gba lára ìtànṣán oòrùn tí ó lè pa awọ lára sínú ara rẹ̀, ìrísí rẹ̀ a sì yí padà. Bákan náà, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pèsè díẹ̀ lára èròjà tí a fi ń mọ DNA, ó ní ibi tí ó máa ń dé lójú ọ̀nà tí imidasóòlì ẹlẹ́ka kábọ́síìlì yóò ti jáde kí iṣẹ́ tó tẹ̀ síwájú.

Ara fúnra rẹ̀ máa ń já ẹ̀ka kábọ́síìlì kúrò lára hísítídíìnì kí ó lè di hísítámíìnì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wúlò: ó ń ran ikùn lọ́wọ́ láti tú ásíìdì jáde, ó sì ń kópa nínú ìdáàbòbò ara. Bí ó bá pọ̀ jù, ara a yún, imú a dí, ojú a pọ́n.

4.2 Nínú ẹja

Àwọn ẹja kan wà tí hísítídíìnì pọ̀ nínú ẹran ara wọn. Ẹja Titus, tí àwọn àgbà ń pè ní òkú-Èkó, wà lára wọn. Tuna àti sadíìnì náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹja bá ti kú, tí yìnyín rẹ̀ sì yọ́ nínú ooru, àwọn bakitéríà tí énsáìmù wọn lè já ẹ̀ka kábọ́síìlì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Hísítídíìnì yóò máa dín kù, hísítámíìnì yóò máa pọ̀ sí i.

Kókó mẹ́ta ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mú dé ilé àti ọjà:

(i) Sísè, díndín àti yíyan kì í ba hísítámíìnì jẹ́. Iná pa bakitéríà, ṣùgbọ́n ohun tí bakitéríà ti ṣe sílẹ̀ kò lọ.
(ii) Dídá ẹja padà sínú yìnyín kò mú hísítámíìnì tí ó ti wà níbẹ̀ kúrò. Ó kàn dá iṣẹ́ dúró ni.
(iii) Ẹja náà lè má rùn. Imú kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, ó máa ń ta lẹ́nu bí ẹni pé ata wà nínú rẹ̀.

Àjọ Codex, tí ń ṣe òfin oúnjẹ fún àgbáyé, fi 200 mílígíráàmù nínú kílógíráàmù ẹja kan ṣe òpin hísítámíìnì tí a kò gbọdọ̀ kọjá nínú irú ẹja báyìí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó dájú láti dènà rẹ̀ ni kí ẹja wà ní tútù, ní ìwọ̀n 4°C tàbí kí ó relẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà tí a ti pa á títí di ìgbà tí yóò dé orí iná. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, èyí kò rọrùn. Ẹja tí ó ti yọ́, tí ó tún dì, tí ó tún yọ́, ni kí a ṣọ́ra fún jù.

Piriton ṣiṣẹ́ níbi ìnáwó tí a mẹ́nu bà nítorí pé ó máa ń dí ojú ibi tí hísítámíìnì ti ń wọlé ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí èémí rẹ̀ bá ń ṣòro gbọ́dọ̀ dé ilé-ìwòsàn kíákíá.

5.0 Ìwúlò Rẹ̀ Nínú Oògùn

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa. Àwọn oògùn kan tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹbí yìí. Èròjà kan wà nínú ara tí a ń pè ní áńgíótẹ́ńsìn kejì, tí ó máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Nígbà tí iṣan bá fún, ẹ̀jẹ̀ a ru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Takeda ní Japan rí i pé àwọn imidasóòlì kan tí wọ́n ní ẹ̀ka kábọ́síìlì lè dènà iṣẹ́ áńgíótẹ́ńsìn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára wọn kò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà tẹ̀ síwájú lórí ìmọ̀ náà, losartan sì jáde. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní 1995. Òrùka imidasóòlì wà nínú losartan, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ọtí ni ó gbé wá. Ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń sọ ẹ̀ka ọtí yìí di ẹ̀ka kábọ́síìlì nínú ara, èyí tí ó bá sì jáde bẹ́ẹ̀ lágbára ju losartan fúnra rẹ̀ lọ.

Olmesartan, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2002, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀ka kábọ́síìlì wà lára òrùka imidasóòlì rẹ̀ láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ó wà ní ìhòòhò kì í rọrùn fún ìfun láti gbà wọlé. Nítorí náà, àwọn olóògùn fi ìbora wọ̀ ọ́. Bí ó bá ti ń gba ara ìfun kọjá, ara a bọ́ ìbora náà kúrò, ẹ̀ka kábọ́síìlì a sì jáde láti ṣiṣẹ́. Aboyún kò gbọdọ̀ lo ọ̀kankan nínú àwọn oògùn méjèèjì yìí, nítorí wọ́n lè pa oyún lára.

Apá ibòmíràn ni etomidate kọjú sí. Oògùn oorun tí a ń fún ni kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni. Òun náà jẹ́ imidasóòlì tí a bo ẹ̀ka kábọ́síìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, nígbà tí ara bá bọ́ ìbora kúrò ni agbára oògùn parí. Ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì wé ara wọn: bíbọ́ ìbora jí olmesartan dìde, ó sì pa iná etomidate.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ṣì í mú, imidasóòlì wà nínú Flagyl náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka náítírò ni ó gbé, kì í ṣe kábọ́síìlì. Òrùka kan náà ni. Ẹ̀ka ni ó sọ iṣẹ́ di ọ̀tọ̀.

6.0 Ìwúlò Rẹ̀ Nínú Ìmọ̀ Ìgbàlódé

A ti sọ pé òrùka àti ẹ̀ka jọ fẹ́ràn irin. Bí a bá pa ásíìdì imidasóòlì ẹlẹ́ka kábọ́síìlì méjì pọ̀ mọ́ irin kan bí indíọ́mù, wọ́n lè so ara wọn pọ̀ bí àwọ̀n apẹja, tí ihò wíwẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ súà. Àwọn onímọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde ní 2006. Irú àwọn àwọ̀n onírin báyìí lè gba afẹ́fẹ́ sínú, wọ́n sì lè ya èròjà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ìmọ̀ lórí wọn ni Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi fi gba Ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní 2025.

7.0 Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọ

Kí olùkọ́ pe akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún jáde, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú ní òrùka. Kí mẹ́ta gbé páálí tí a kọ kábọ́ọ̀nù sí, kí méjì gbé ti náítírójìn, kí kábọ́ọ̀nù kan sì wà láàárín àwọn náítírójìn méjèèjì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kẹfà di èjìká kábọ́ọ̀nù kan mú. Òun ni ẹ̀ka kábọ́síìlì. Kí ó gbé fìlà háídírójìn fún náítírójìn tí kò ní, kí kíláàsì sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀ka náà fi òrùka sílẹ̀, kí ó sì jáde síta. Ìgbà tí ó jáde ni olùkọ́ yóò mẹ́nu ba ẹja.

Láti fi ìwà ásíìdì hàn, kí a da oje ọsàn wẹ́wẹ́ sórí káún lílọ̀. Yóò hó. Kí olùkọ́ ṣàlàyé dáadáa pé láti inú káún ni afẹ́fẹ́ tí ó ń hó ti wá. Háídírójìn tí ẹ̀ka kábọ́síìlì fi sílẹ̀ ni ó lé e jáde. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ẹ̀ka ni ó já.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ó fà á tí ọbẹ̀ ẹja tí ó hó dáadáa fi lè mú ara yún?
2. Fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tìrẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín hísítídíìnì àti hísítámíìnì.
3. Dá ọ̀rọ̀ ìperí mìíràn fún ẹ̀ka, kí o sì sọ ìdí tí ó fi dára ju èyí tí a lò níhìn-ín tàbí tí kò fi tó o.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé òrùka kékeré onígun-márùn-ún àti ẹ̀ka tí ó rọ̀ mọ́ ọn ni ó di irin mú nínú ẹ̀jẹ̀, ni ó ń gba oòrùn sára nínú awọ, ni ó sì ń ṣí iṣan tí ó fún. Òun náà ni, bí ẹ̀ka rẹ̀ bá já nínú ẹja, tí ó lè sọ àsè di ẹkún. A ti rí i pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ tí a fi ṣàlàyé gbogbo èyí kò ṣòro: òrùka, ìdè, ẹ̀ka, ìbora, já.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó wọ́n wa, àwọn tí yóò lò ó ni. A rọ àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ láti jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, kí a jọ kọ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí sílẹ̀. Obìnrin tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn níbi ìnáwó ọjọ́ náà kò mọ ọ̀rọ̀ tí ìbá fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó fi ẹ̀sùn kàn án náà kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí ó lè sọ ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́ pé, "Ẹja yìí ni ó yọ́ jù kí a tó sè é," ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀.